Ó jẹ́wọ́ fún mi ní kọ̀rọ̀, ó sì ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́: kí ni kí n ṣe?

Akọ̀wé Àná

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà àwẹ̀ Lẹ́ńtì, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, bí n kò tilẹ̀ ní dárúkọ ìjọ wa tàbí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ Áńgílíkà tí mò ń lọ, ₦180,000 tí a dá jọ fún ànkárá ìkórè di àwátì nínú kọ́bọ́ọ̀dù fẹ́stírì. Ọwọ́ èmi àti akápò nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí àwa méjèèjì san án ní ìdajì-ìdajì, mo sì san ₦90,000 tèmi. Ṣùgbọ́n akápò jẹ́ àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, kò sí ẹni tí ó fura sí i, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ojú yí sí. Wọ́n ní kí n lọ sinmi ná, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìpàdé. Láti ìgbà náà ni ọkọ mi kò ti fi ẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́, èmi náà sì ń jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, mo sì máa ń jáde kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú Lẹ́ńtì, Mọ́mì wá sí ilé mi. Mo fún un ní àga, kò jókòó. Orúnkún méjèèjì ni ó fi lélẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó sì di ẹsẹ̀ àga náà mú. Ó ní òun ni òun kó owó náà, pé gbèsè ilé ìwòsàn ni ó ká òun mọ́, pé òun ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ti dárí ji òun, ó wá ku tèmi. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ́ kí ó dé etí ẹgbẹ́, nítorí ìgbéyàwó ọmọ òun obìnrin ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti rí kí àgbà tí ó tó bí ni lọ́mọ kúnlẹ̀ níwájú ẹni. Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti ń gbé e dìde, mo ti ní, “Ẹ dìde, Mọ́mì, mo ti dárí jì yín.”

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ń ka Àdúrà Olúwa, tí a dé ibi pé “bí àwa ti ń dárí ji àwọn onígbèsè wa,” ohùn mi a máa há. Ṣé irọ́ ni mo pa fún un ni? Bí mo bá sì ní kí ó sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́, ṣé ẹ̀san ni mò ń gbà? Èyí tí ó wúwo jù fún mi láti sọ ni pé ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run wẹ orúkọ mi mọ́, ọ̀run sì dákẹ́. Ìgbà tí ìdáhùn wá dé, ó dé gẹ́gẹ́ bí àṣírí tí èmi náà ní láti máa bá wọn bò. Ìgbà mìíràn a máa ṣe mí bíi pé kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ rárá.

Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Ìsinmi

Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Bí mo ti ka ọ̀rọ̀ yín, ohun kan wà tí mo wá títí tí n kò rí i: níbo ni ₦90,000 yín wà nínú ìjẹ́wọ́ yìí? Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Mọ́mì kó ₦180,000, ó dá ₦90,000 padà nígbà tí wọ́n ní kí ẹ san án, ẹ̀yin sì san ₦90,000 yòókù láti inú àpò yín. Ó túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ yìí wá ni owó yín ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀, ó sunkún, ó dìde, ó lọ, kò mẹ́nu bà á.

Nínú ìwé Númérì orí 5, ẹsẹ 6 àti 7, òfin náà ṣe kedere: ẹni tí ó bá ṣẹ ọmọnìkejì rẹ̀ yóò jẹ́wọ́, yóò dá ohun tí ó gbà padà ní pípé, yóò sì fi ìdámárùn-ún lé e, fún ẹni tí ó ṣẹ̀ gan-an ni yóò sì fún un. Bí a bá gbé e lé owó yín, ₦108,000 ni. N kò sọ pé kí ẹ béèrè ìdámárùn-ún náà, nítorí a kò sí lábẹ́ òfin Mósè. Ohun tí mò ń sọ ni pé Bíbélì kò ya ìjẹ́wọ́ kúrò lára àtúnṣe. Sákéù agbowó-orí kò dúró kí ẹnikẹ́ni béèrè kí ó tó dìde, tí ó sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé bí òun bá ti fi èrú gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun yóò dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ní ti orúkọ yín, èrò mi nìyí, mo sì ti ń kọ́ ọ ní kíláàsì fún ìgbà pípẹ́: ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ bá dé ni ìjẹ́wọ́ gbọ́dọ̀ tọ̀ ọ́ dé. Èyí tí a ṣẹ̀ nínú ọkàn, a ó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Ọlọ́run. Èyí tí a ṣẹ ẹnìkan, a ó tọ ẹni náà lọ. Èyí tí ó sọ ẹnìkan di olè lójú ẹgbẹ́, iwájú ẹgbẹ́ ni ọ̀nà rẹ̀ gbà, kò gba ibòmíràn. A kò bà yín lórúkọ jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Báwo ni a óò ṣe tún un ṣe ní kọ̀rọ̀?

Ìyá Àgbà Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rọra. Èmi ti dàgbà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, mo sì mọ ohun tí ẹgbẹ́ máa ń fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe. Obìnrin tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọlé ọkọ, tí àwọn àna ń bọ̀ wá wo ilé tí wọ́n ti fẹ́ mú ìyàwó: bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde lónìí, kí ni ọmọ náà ṣe tí yóò fi jẹ nínú rẹ̀? Pétérù kọ ọ́ pé ìfẹ́ a máa bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí Jósẹ́fù fẹ́ fi ara rẹ̀ han àwọn arákùnrin rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó lé gbogbo àwọn ará Íjíbítì jáde kúrò níbẹ̀. Kò fi àwọn arákùnrin rẹ̀ hàn níta, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ju ti owó ànkárá lọ, nítorí pé òun gan-an ni wọ́n tà.

Ọmọ mi, o ti dárí jì í. Jẹ́ kí ó tán síbẹ̀.

Aláìdákẹ́

Ẹ gbé e sórí Facebook, kí ẹ sì so orúkọ ìjọ náà mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín kò mọ ní kékeré.

Alámòójútó

A ti sọ ọ́ nínú ìlànà pé a kì í dárúkọ ìjọ tàbí ènìyàn níhìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà lórí ìbéèrè tí wọ́n bi wá.

Bàbá Ìjọ

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni èmi náà, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó wà nínú Ìwé Àdúrà wa kún un, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni ó ń mú un lọ́wọ́ ní ọjọọjọ́ Ìsinmi tí kò ka àwọn ìlànà tí ó wà níwájú ètò Ìdàpọ̀ Mímọ́. Ìwé Àdúrà ti ọdún 1662 pa á láṣẹ fún àlùfáà pé bí ó bá rí i pé àránkan àti ìkórìíra wà láàárín ẹni méjì, kí ó má ṣe gbà wọ́n síbi Tábìlì Olúwa títí wọn yóò fi rẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dárí jì látọkànwá, tí ó sì ṣe tán láti tún èyí tí òun náà bàjẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n tí ẹnìkejì kọ̀ jálẹ̀, ẹni tí ó ronú pìwà dà ni kí àlùfáà gbà, kí ó sì dá olóríkunkun dúró. Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí ó wà níbẹ̀ tún sọ ọ́ pé ẹni tí ó bá ṣẹ aládùúgbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ múra láti ṣe àtúnṣe fún ohun gbogbo tí ó fi ṣẹ̀ ẹ́ dé ibi tí agbára rẹ̀ bá dé, kí ó tó wá gba Ara Olúwa. Ìyá wa, ẹ kíyè sí i pé ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ ni ẹ ń sá jáde kí ìsìn tó parí, ẹni tí ó ṣẹ̀ yín sì ń gba Ara Olúwa lọ ní tirẹ̀. Ó yẹ kí fíkà yín, àlùfáà tí ó ń ṣe àkóso ìjọ yín, gbọ́ èyí.

Mo bọ̀wọ̀ fún Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n mo rò pé ìtàn Jósẹ́fù wà lẹ́yìn ohun tí Olùkọ́ sọ ni. Àwọn ta ni ó lé jáde? Àwọn ará Íjíbítì, tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Àwọn ta ni ó dúró? Gbogbo arákùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn, tí kò yọ ẹnìkan sílẹ̀, títí kan Bẹ́ńjámínì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe gbé e lọ sórí pẹpẹ ní ọjọ́ Ìsinmi, níwájú àwọn ọmọdé àti àlejò, ṣùgbọ́n kí àwọn ìgbìmọ̀ tí ó dá ẹjọ́ náà, àwọn tí wọ́n ní kí akọ̀wé lọ sinmi, gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí ó ṣe é. (Mo ti ń rò ó tipẹ́ bóyá àwọn ọmọ Jákọ́bù tilẹ̀ jẹ́wọ́ fún bàbá wọn rí ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n rì bọ inú ẹ̀jẹ̀. Bíbélì kò sọ ọ́ fún wa.)

Ohun mìíràn tún wà nínú ìtàn yẹn. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 50, lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá wọn, tí wọ́n ti jọ gbé Íjíbítì fún ọdún mẹ́tàdínlógún, àwọn arákùnrin Jósẹ́fù ṣì ń bẹ̀rù pé yóò gbẹ̀san. Ẹni tí ó dárí jini lè máa ṣiyèméjì, ẹni tí a dárí jì náà sì lè máa ṣiyèméjì. Ẹkún ni Jósẹ́fù sun nígbà tí ó gbọ́ ọ.

Katikíìsì

Mo ń kọ̀wé láti ìjọ Àgùdà, níbi tí a ti ń jẹ́wọ́ fún àlùfáà. Láti ìgbà ìpàdé ìgbìmọ̀ ńlá kẹrin ti Látéránì ní ọdún 1215 ni ìjọ ti pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ tí ó ti gbọ́njú jẹ́wọ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ìpàdé yẹn kan náà ni ó sì fi ìyà ńlá lélẹ̀ fún àlùfáà tí ó bá tú àṣírí ìjẹ́wọ́. Nítorí náà, ká ní Mọ́mì jẹ́ ọmọ ìjọ wa ni, fadá tí ó jẹ́wọ́ fún kò ní lè sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn níta máa ń rò pé bí fadá bá ti ka àdúrà ìdáríjì sí wa lórí, ó parí. Kátíkísímù wa, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ Àgùdà, ní ẹsẹ 2487, sọ ọ́ pé ẹni tí ó ṣẹ̀ sí òtítọ́ àti sí orúkọ rere ẹlòmíràn jẹ gbèsè àtúnṣe, bí a tilẹ̀ ti dárí jì í. Bí kò bá ṣeé ṣe ní gbangba, kí ó ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Fadá tí ó mọṣẹ́ rẹ̀ yóò bi í léèrè pé: owó náà ń kọ́? Orúkọ arábìnrin yẹn ń kọ́?

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá Ìjọ pé ìgbìmọ̀ tó. Kì í ṣe gbogbo etí ni ó yẹ kí ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá Àgbà Abẹ́òkúta

Mo ti gbọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ inú ìgbìmọ̀ nìkan ni yóò mọ, n kò ní ta kò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ má lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Kí ó jẹ́ kí Mọ́mì sọ ọ́ fúnra rẹ̀, nítorí bí ó bá ti ẹnu ẹlòmíràn jáde, ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìjẹ́wọ́ mọ́.

Oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì

Gbogbo yín ti dáhùn ti Mọ́mì, ẹ sì ti dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n dá sí èyí tí arábìnrin wa ní ó wúwo jù fún òun láti sọ.

Ẹ kọ́kọ́ bi wá bóyá irọ́ ni ẹ pa. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ìdáríjì tí ẹ sọ jáde lẹ́nu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn jẹ́ ìpinnu pé ẹ kò ní fi ibi san ibi. Ìrora tí ó kù nínú yín jẹ́ ti ọgbẹ́ tí kò tíì jiná, kò sì sọ ìpinnu yẹn di asán. Jésù wí fún Pétérù pé kí ó dárí jì dé ìgbà àádọ́rin lọ́nà méje, mo sì máa ń rò pé nígbà mìíràn ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni a ní láti dárí rẹ̀ jì níye ìgbà yẹn, ní òròòwúrọ̀ tí ó bá tún sọ sí ni lọ́kàn. Ẹ lè dárí jì í pátápátá, kí ẹ sì tún béèrè owó yín. Èkíní jẹ́ ti ọkàn yín, ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè ṣe é. Ìlàjà ní tirẹ̀ gba ẹni méjì, ó sì gba òtítọ́. Ẹ má fi dandan mú ara yín láti máa bá a rẹ́rìn-ín bíi pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ti iyèméjì, ẹ ka Mátíù orí 28, ẹsẹ 17. Àwọn mọ́kànlá wà lórí òkè Gálílì, Jésù tí ó ti jíǹde dúró níwájú wọn, wọ́n foríbalẹ̀ fún un, síbẹ̀ àwọn mìíràn nínú wọn ṣiyèméjì. Jésù kò yọ àwọn yẹn sọ́tọ̀ kí ó tó rán wọn lọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Jòhánù Onítẹ̀bọmi tí ó fi ìka tọ́ka sí Kristi ní Jọ́dánì ni ó ránṣẹ́ láti inú ẹ̀wọ̀n pé, ṣé ìwọ ni ẹni tí ń bọ̀, tàbí kí a máa retí ẹlòmíràn? Ẹ̀wọ̀n ni ó fà á. Ẹ̀yin náà ti wà nínú irú ẹ̀wọ̀n kan. Bàbá ọmọ inú Máàkù orí 9 fi ìgbàgbọ́ àti àìgbàgbọ́ rẹ̀ sínú gbólóhùn kan ṣoṣo, Olúwa sì wo ọmọ rẹ̀ sàn.

A máa ń sọ nínú ìjọ wa pé ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1738, ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkàn John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gbóná lọ́nà àrà, ó sì dá a lójú pé Kristi ti mú ẹ̀ṣẹ̀ òun lọ. A kì í sábà fi kún un pé ní oṣù Kìíní ọdún 1739, tí kò tíì pé oṣù mẹ́jọ sí ìgbà náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ pé òun kì í ṣe Kristẹni. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ní ìta gbangba ní Bristol.

Bí ohùn yín bá há nídìí Àdúrà Olúwa, ẹ jẹ́ kí ìjọ kà á fún yín. Ohun tí a ṣe ń kà á pọ̀ nìyẹn. Ẹ sì ka Orin Dáfídì 88, tí inú òkùnkùn ni ó parí sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì yọ kúrò nínú Bíbélì nítorí bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò tíì jáde. Inú ìwé ìpàdé ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí akọ̀wé lọ sinmi. Bí Mọ́mì bá sunkún níwájú ìgbìmọ̀, tí gbogbo wọn sì dì mọ́ra wọn, tí wọn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ọdún mẹ́wàá sí i, àwọn tí yóò ka ìwé náà yóò rí i pé owó sọnù, wọ́n sì yọ akọ̀wé. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan náà, ní gbólóhùn méjì péré: pé ìgbìmọ̀ ti rí i dájú báyìí pé akọ̀wé kò mọ nǹkan kan nípa owó ìkórè tí ó sọnù, àti pé wọ́n fagi lé ìpinnu tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀. Kò pọn dandan kí orúkọ Mọ́mì wà níbẹ̀. Kí alága àti fíkà fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin náà sì gba ẹ̀dà kan.

Akọ̀wé Àná

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti lọ bá Mọ́mì. Mo sọ fún un pé n kò dá ìdáríjì mi padà, ṣùgbọ́n pé orúkọ mi ṣì wà níbi tí wọ́n jù ú sí. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó gbà láti san ₦90,000 náà ní ìgbà méjì. Ìdámárùn-ún, mo ní kí ó fi sílẹ̀. Ó gbà pé kí a jọ lọ bá fíkà. Ní ti ìgbìmọ̀, ó bẹ̀ mí pé kí ìgbéyàwó kọjá ná. Ọkọ mi ní ọgbọ́n àtiyẹ̀ ẹ́ ni.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rán ọmọ kan sí mi pẹ̀lú aṣọ ẹbí ìgbéyàwó náà, léèsì àti gèlè, ó ní n kò ní san kọ́bọ̀. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lórí tábìlì. Ṣé kí n gbà á?

Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Ìsinmi

Èmi ì bá dá a padà. Ẹ̀bùn tí ó ń ti ọwọ́ onígbèsè wá kí ó tó san gbèsè, èmi kì í gbà á.

Bàbá Ìjọ

Bí ẹ bá dá a padà, yóò rò pé ẹ ti yí ọkàn padà lórí ìdáríjì, bí ẹ bá sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ọkọ yín yóò pè é ní owó ìdákẹ́, òtítọ́ díẹ̀ yóò sì wà nínú ohun tí ó bá sọ. Ẹ ra aṣọ náà ní iye tí gbogbo ènìyàn ń rà á. Kí ọjọ́ ìgbéyàwó sì tó pé, kí fíkà ti mú ọjọ́ ìpàdé, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kí Mọ́mì sì mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé Àná

Mo ti fi owó aṣọ náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Fíkà gbọ́ ti ẹnu àwa méjèèjì, ó sì fi ìpàdé ìgbìmọ̀ sí Sátidé kejì lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ó ní títí di ọjọ́ náà, Mọ́mì fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun kò ní wá síbi Tábìlì Olúwa. Ọkọ mi ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ náà tán, kí òun tó sọ bóyá òun yóò bá mi lọ ní ọjọ́ Ìsinmi.